Ohun Tí Ògiri Jẹ́ Kó Kọjá

Ilé wa àti ilé àwọn Ollerenshaw fara tira
bí ọmọ méjì tó ń fa kúbùsù kan mọ́ra wọn lọ́wọ́.
Bíríkì kan ṣoṣo ló là wá láàárín
ní òpópó tó dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí etí odò Don, ní Ṣẹ́fíìdì,
níbi tí èéfín iléeṣẹ́ irin ti ń sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ eérú
kí màmá mi tó ká a tán lórí okùn.

Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Ògiri tiwa ò lanu.
Síbẹ̀, lálaalẹ́, bí aago mẹ́wàá bá ti lù,
Neville á ti ibi tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ dé,
á fọ lúbúlúbú irin kúrò léèékánná,
á gbé gìtá olókùn mẹ́rin kọ́rùn,
á fi àwo sórí ẹ̀rọ, á sì máa bá a lọ.

Ògiri gba akọrin, ó mú un dání.
Ó gba gìtá tó ń ké bí ológbò, ó mú un dání.
Ìlù, fèrè, àtẹ́wọ́, gbogbo wọn rìn dé ara bíríkì,
wọ́n jókòó síbẹ̀.
Ohun tó kọjá wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí
ni béèsì nìkan:
dùm, dùm-dù, dùm.
Etí kọ́ ni mo fi ń gbọ́ ọ.
Egungun àyà ni, àti irin bẹ́ẹ̀dì,
àti omi tó ń mì nínú ife.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mi ò mọ orúkọ orin kankan,
mo bá sọ wọ́n lórúkọ fúnra mi.
Ọ̀kan ń jẹ́ Ọkùnrin Tó Sanra Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Àkàsọ̀.
Ọ̀kan ń jẹ́ Ẹṣin Tó Tiro.
Ọ̀kan wà, ohùn kan náà ló ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin
bí ẹni ń kan ìṣó mọ́ pákó tí kò fẹ́ gbà;
mo pe ìyẹn ní Bàbá Mi Lọ́jọ́ Ajé.

Èyí tí mo fẹ́ jù lọ ò lórúkọ.
Ohùn mẹ́rin péré. Mẹ́ta á gòkè bí ẹni fẹ́ bèèrè nǹkan,
ìkẹrin á já bọ́, bí ẹni tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn.
Ní ẹsẹ̀ kejì, àlàfo kan wà.
Ibẹ̀ gan-an ni Edna, ìyá rẹ̀, ti máa ń fi igi ìgbálẹ̀
gbá àjà láti ìsàlẹ̀:
gbà! gbà!
"Neville! Àwọn èèyàn ń sùn!"
Ta ló ń sùn? Mo yọjú wo yàrá bàbá mi lẹ́ẹ̀kan,
ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kà á lábẹ́ kúbùsù.

Lọ́dún 1974, iṣẹ́ ọ̀bẹ kú. Neville lọ sí Ọsirélíà,
ó gbé gìtá dání.
Ògiri padà di ògiri.
Mo sùn tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Ní ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Lídìsì,
mo kúnlẹ̀, mo ń so okùn bàtà fún oníbàárà,
ni rédíò bá bú sórin.
Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan ń sunkún ìfẹ́ nínú òjò,
àwọn obìnrin ń gbè é, fèrè ń pariwo,
bí àlejò tó kún ilé mi láìbọ́ bàtà.
Orúnkún mi ló kọ́kọ́ dá a mọ̀:
mẹ́ta gòkè, ọ̀kan já bọ́.
Ó wà lábẹ́ gbogbo wọn, ó rẹrù wọn,
kò sẹ́ni tó bojú wolẹ̀ kí i.

Wọ́n ní àwo náà tà gan-an.
Èmi ń dúró de ẹsẹ̀ kejì.
Àlàfo náà dé. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.
Àwọn tó gba orin náà sílẹ̀ ò mọ̀
pé ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀.
Mo di gìgísẹ̀ bàtà oníbàárà mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀,
mo fi lu ilẹ̀ pákó:
gbà. gbà.
"Ṣé kò fún yín?" ni mo bi í.
Ó ní rárá,
ó bá òun mu gẹ́lẹ́.